Nípa Gbígbọ́ Orin ní Ìlú Lọ́ńdọ̀nù

Nígbà tí ènìyàn bá dé ìlú àjòjì, ojú rẹ̀ ni í kọ́kọ́ yó. Yóò rí ilé gíga, yóò rí afárá, yóò rí ọkọ̀ alájà méjì tí a kùn ní pupa. Kí oṣù kan sì tó pé, ojú náà yóò ti mọ́ wọn lára, ẹnu kì yóò sì yà á mọ́. Ṣùgbọ́n etí kì í tètè yó. Ìró pọ̀ ní ìlú ńlá, àlejò kò sì lè tètè mọ èyí tí í ṣe ti ẹni tí ń kọjá lọ yàtọ̀ sí èyí tí í ṣe ti onílé. Ọdún kan péré ni mo lò ní Lọ́ńdọ̀nù, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ohun tí mo sì bá lọ síbẹ̀ ni láti kọ́ bí a ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Èmi kì í ṣe olórin. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tí mo rí ní ìlú náà, ohun tí mo gbọ́ ni mo máa ń sọ fún un. Òun náà ni mo sì fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí.

Ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ bí agbára mi ti tó. Òfin ilẹ̀ náà ni pé akẹ́kọ̀ọ́ irú mi, tí ó ti òkèèrè wá, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣe tèmi. Bí mo bá ti san owó ilé, tí mo ra oúnjẹ, tí mo sì yọ owó ọkọ̀ sọ́tọ̀, pọ́n-ùn 10 ni mo máa ń fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ fún orin. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan rò pé orí mi kò pé, nítorí pé gbogbo orin ayé ni ó wà nínú fóònù tí mo fi sí àpò. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n orin inú fóònù kò mọ̀ bóyá mo wà níbẹ̀ tàbí n kò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ jókòó níbi tí ẹni tí ń kọrin yóò gbé ojú sókè tí yóò sì rí mi.

Bàbá mi tún fi ìdí mìíràn kún un. Olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ ni wọ́n, wọ́n sì tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wa ní Èkìtì fún ọdún 31. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí àlùfáà bá ti súre fún ìjọ, bàbá mi a tẹ orin ìkẹyìn tí wọ́n ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kọ́. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni àwọn ènìyàn a dìde. Wọn a máa kí ara wọn, wọn a máa wá bàtà ọmọ, wọn a máa bèèrè ohun tí a sè nílé. Kí orin náà sì tó dé àárín, a ku bàbá mi àti ẹni tí ń ti fèrèsé. N kò gbọ́ kí wọ́n ráhùn rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún wọn lórí fóònù pé mo lọ gbọ́ orin, wọn kò bèèrè irú orin tí ó jẹ́. Wọ́n ní, “Ènìyàn mélòó ni ó jókòó títí ó fi parí?” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ènìyàn níbikíbi tí mo bá ti lọ gbọ́ orin.

Ibi tí mo kọ́kọ́ wọ̀ kò ná mi ní kọ́bọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ti Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ni, èyí tí Christopher Wren yàwòrán rẹ̀ lẹ́yìn tí iná jó ìlú náà ní ọdún 1666. Ní ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń sáré lọ sí ìdí ọkọ̀, àwọn akọrin ibẹ̀ a máa kọ Sáàmù, wọn a kọ orin Màríà àti orin Síméónì. Ẹni tí ó bá fẹ́ a wọlé, a sì jókòó láìsan ohunkóhun. Àjà ibẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn, bí ó bá ti ẹnu ọmọdé jáde, a kọ́kọ́ gòkè lọ, a yí ká nínú òrùlé ribiti náà, kí ó tó padà wá bá wa nílẹ̀. Nítorí náà olórí akọrin kì í kánjú. A dúró de ohùn náà kí ó dé. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì, tí òjò ń rọ̀ tí òtútù sì mú, ènìyàn 43 ni mo kà. Mo rò pé wọ́n kéré lábẹ́ òrùlé tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi ní, “43, ní ọjọ́ iṣẹ́? Wọ́n pọ̀.”

Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ sí Gbọ̀ngàn Wigmore. Àwọn ará Jámánì tí ń ṣe dùùrù pìánò ni ó kọ́ ọ, a sì ṣí i ní ọdún 1901. Kò tóbi, ìjókòó inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 550. Fún ọ̀pọ̀ eré, pọ́n-ùn 5 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé ọdún 35, èyí sì bá àpò mi mu. Ọkùnrin méjì àti obìnrin méjì ni ó wá ta fáólìn ní alẹ́ ọjọ́ náà, ti ẹlòmíràn kékeré, ti ẹlòmíràn ńlá. Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kankan níwájú wọn. Orin náà pín sí apá mẹ́rin. Nígbà tí apá kan bá parí, kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn ènìyàn a wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé wọ́n ti há ikọ́ náà mọ́ ọ̀fun láti ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n má baà ba orin jẹ́. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ní ilẹ̀ wa, bí onílù bá fi ìlù pe ènìyàn ní oríkì rẹ̀, tí ẹni náà sì jókòó jẹ́ẹ́, onílù yóò rò pé adití ni tàbí ahun. Ara ni a fi ń dáhùn, ẹsẹ̀ ni a fi ń dáhùn, owó tí a sì lẹ̀ mọ́ iwájú orí olórin, ìdáhùn ni. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni àwọn ti Wigmore fi ń dáhùn. Bí mo ti ń rò ó síwájú, bẹ́ẹ̀ ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ fún olórin: “A wà níhìn-ín, à ń gbọ́ ọ.”

Nítòsí gbọ̀ngàn yìí ni òpópónà kékeré kan wà tí ń jẹ́ Mandeville Place, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ orin Trinity wà kí ó tó kó lọ sí Greenwich ní ọdún 2001. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni T. K. Ekundayo Phillips lọ ní ọdún 1911, òun tí ó padà wá di atẹdùùrù àti olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátídírà Krístì ní Èkó. Akin Euba lọ síbẹ̀ ní ọdún 1952. Ní ọdún 1958 ni Fẹlá dé Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ ìṣègùn ni wọ́n retí kí ó kọ́, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ orin yìí ni ó wọ̀. Kí a tó bí Fẹlá rárá, bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ti dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922, ó sì kọ orin ìyìn ní èdè Yorùbá sínú àwo níbẹ̀. Mo dúró ní òpópónà náà ní ọjọ́ kan tí yìnyín ń bọ́, mo sì wò ó pé ọ̀nà tí mo rò pé èmi nìkan ni mò ń tọ̀, ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn wa ti là á tipẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí bàbá mi fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀ jù ni Fẹlá Ṣówándé. A bí i ní ìlú Ọ̀yọ́ ní ọdún 1905. Phillips ni ó kọ́ ọ ní dùùrù ní Èkó. Ó sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1934. Ní òru a máa lu orin jáàsì, èyí tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, ní ilé fàájì. Ní ọ̀sán a máa kọ́ṣẹ́ dùùrù títí ó fi gba oyè gíga jùlọ tí ẹgbẹ́ àwọn atẹdùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi fúnni. Láti ọdún 1945 sí 1952 ni ó fi jẹ́ atẹdùùrù fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Gbọ̀ngàn Kingsway. Bàbá mi ní ìwé orin rẹ̀ kan, Ọ̀yígíyigì, tí wọ́n fi ọwọ́ dà kọ nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Nítorí wọn ni mo ṣe wá Gbọ̀ngàn Kingsway lọ. A ti wó o ní ìparí ọ̀rúndún tí ó kọjá, ilé ìtura fún àwọn arìnrìn-àjò ni a sì kọ́ sí ipò rẹ̀. Mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì wí pé, “Ó dára. A kò lè wó èyí tí àwọn ènìyàn ti gbọ́.”

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kù tí mo mọ̀ pé yóò ṣòro láti bá wọn sọ, èyíinì ni ọ̀rọ̀ ilé orin òru. Ọmọ ìjọ ni mí, n kì í sì í mu ọtí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ orin Lọ́ńdọ̀nù tí kò sì dé àdúgbò Soho, ìdajì ni ó gbọ́. Níbẹ̀ ni Ambrose Campbell, ọmọ oníwàásù láti Èkó, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tí í jẹ́ West African Rhythm Brothers, ti ń kọ orin Yorùbá lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, pẹ̀lú gìtá àti ìlù wa, tí àwọn òyìnbó sì ń wá jó sí i. Níbẹ̀ náà ni ilé orin Ronnie Scott wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1959, tí ó sì kó wá sí Frith Street ní ọdún 1965. Owó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo tọ́jú kí n tó lè wọ̀ ọ́.

Inú ilé náà ṣókùnkùn díẹ̀. Àtùpà kékeré wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ènìyàn ń jẹ, wọ́n ń mu, ṣùgbọ́n nígbà tí fèrè dún, ẹnu wọn pa mọ́. Bí mo ti ń fetí sí i ni mo rí i pé n kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀; ó lè lọ síbi tí ó bá wù ú, nítorí pé gúdúgúdú àti kẹríkẹrì dúró sí ojú kan, wọ́n ń tẹ́ ilẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn onífèrè yìí ń ṣe, àyàfi pé wọ́n ń gba ipò ìyáàlù lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀kan a jáde síwájú, a sọ tirẹ̀, a sì padà sẹ́yìn láti lọ tẹ́ ilẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀. Bí ó bá sì ti padà, àwọn olùgbọ́ a pàtẹ́wọ́ fún un láìdúró de òpin orin. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún bàbá mi, mo retí ìbáwí. Wọ́n bèèrè pé, “Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n dákẹ́ láti gbọ́?” Mo ní, “Wọ́n dákẹ́, sà.” Wọ́n ní, “Ní ilé tí a ti ń ta ọtí! Nígbà náà ohun kan wà tí a lè kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n má ṣe pẹ́ níta.”

Ní oṣù Keje ni mo lọ sí Gbọ̀ngàn Albert, ilé ràbàtà tí a ṣí ní ọdún 1871, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún orin tí wọ́n ń pè ní Proms. Láti ọdún 1895 ni a ti ń ṣe àjọ̀dún yìí, kí tálákà lè rí ọ́kẹ́sítírà gbọ́ ní owó pọ́ọ́kú. Ní ọdún tí mo lọ, pọ́n-ùn 8 ni ẹni tí ó bá gbà láti dúró lórí ìdúró ń san, níwájú àwọn olórin gan-an ni a ó sì dúró. N kò lè ka ènìyàn ní alẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Gbọ̀ngàn mìíràn ni wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì ni ó run ún ní ọdún 1941, wọ́n sì kó orin wọn wá síhìn-ín ní ọdún náà gan-an. Nígbà ogun yìí kan náà, tí a ti gbọ̀ngàn ní alẹ́ nítorí òkùnkùn tí ìjọba pàṣẹ, obìnrin atẹdùùrù kan tí í jẹ́ Myra Hess bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn olórin jọ ní ọ̀sán gangan sí ilé àwòrán ìjọba. A ti kó àwọn àwòrán náà sá fún ogun, ògiri nìkan ni ó kù. Ṣílè kan ni ìwọlé. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 1939 sí oṣù Kẹrin ọdún 1946, ìgbà 1,698 ni wọ́n ṣe orin níbẹ̀, ènìyàn tí ó sì wá lé ní 800,000. Bọ́ǹbù kò lè pa orin, nítorí pé àwọn olùgbọ́ kò fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ń pa á, èyí tí kì í dún bí bọ́ǹbù. Ilé orin kékeré kan wà ní gúúsù ìlú náà tí mo fẹ́ràn, lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin. Pọ́n-ùn 6 ni wọ́n ń gbà. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, olórin márùn-ún ni ó wá lu jáàsì, olùgbọ́ 11 ni a sì jẹ́, bí mo bá ka obìnrin tí ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà mọ́ wa. Àwọn olórin náà kò dín iṣẹ́ wọn kù. Òógùn bo onílù bí ẹni pé ọba ni ó jókòó níwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ẹni tí ń ta gìtá wá bá wa, ó bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wí pé, “Bí ẹ̀yin 11 kò bá wá ni, ìdánrawò ni à bá pè é.” Kí ìgbà ẹ̀rùn tó tán, wọ́n ti ilé náà pa, owó ilé ti ga ju agbára wọn lọ.

Kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ni ọ̀ràn náà kàn. Ní ọdún 2007, irú ilé orin kékeré bẹ́ẹ̀ 136 ni ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó fi di ọdún 2015, ó ku 88. Owó ilé àti owó orí pa àwọn kan. Àwọn mìíràn, ilé gbígbé titun ni a kọ́ tì wọ́n, àwọn tí ó sì wá gbé inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi ariwo wọn sùn. Ní ọdún 2018 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìlànà kan lélẹ̀ pé ẹni tí ó bá kẹ́yìn dé tí ó sì kọ́lé ni yóò wá ọ̀nà dí ìró náà, kì í ṣe ẹni tí a bá níbẹ̀. Ìlànà tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó lè mú ènìyàn kúrò nílé ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí ó lọ jókòó.

Bí àwọn ilé kékeré bá tán, níbo ni àwọn ńlá yóò ti wá? Ní oṣù tí mo ń di ẹrù mi láti padà sílé, ẹgbẹ́ olórin márùn-ún kan tí í jẹ́ Ezra Collective gba ẹ̀bùn Mercury ti ọdún 2023. Àwọn ni ẹgbẹ́ jáàsì àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Femi Koleoso ni onílù wọn, TJ àbúrò rẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tí a tọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni Femi ti bẹ̀rẹ̀ sí lu ìlù ní kékeré. Tony Allen, tí ó lu ìlù fún Fẹlá, tí ó sì kú ní Paris ní ọdún 2020, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tí í jẹ́ Tomorrow's Warriors, tí Gary Crosby àti Janine Irons dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní jáàsì lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ti pàdé ara wọn. Kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó mọ̀ wọ́n, ní irú yàrá kékeré tí mo ṣàpèjúwe ni wọ́n ti kọ́ bí a ti ń dúró níwájú ènìyàn. Àwọn díẹ̀ tí ó jókòó gbọ́ wọn nígbà náà wà lára àwọn tí ó kọ́ wọn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, ohun tí mo mú bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù nìyí. A ń kọ́ ọmọ ní orin kíkọ, a ń kọ́ wọn ní ìlù lílù, díẹ̀ nínú wọn sì ń kọ́ dùùrù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ogójì ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kan, bóyá méjì ni yóò di olórin. Kí ni a ń kọ́ àwọn 38 yòókù? Olùgbọ́ ni kí a kọ́ wọn láti jẹ́, nítorí pé iṣẹ́ ni gbígbọ́, a sì máa kọ́ ọ bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Ẹ pe onílù àdúgbò wá sí ilé-ìwé ní ọjọ́ tí kò sí ayẹyẹ, kí àwọn ọmọ jókòó gbọ́ ohun tí ìyáàlù ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n sì tún un sọ. Ẹ mú wọn lọ síbi tí àwọn akọrin ti ń kọ́ orin. Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí a bá ti súre tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó títí dùùrù yóò fi dákẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, oúnjẹ ilé kò sì ní sá lọ.

Àwọn baba wa ní yinniyinni, kí ẹni ṣe òmíràn. Ìyìn tí ó pọ̀ jù tí a lè fún olórin ni pé kí a dé kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí a má sì dìde kí ó tó parí. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, èyí kò béèrè ẹ̀bùn ohùn dídùn tàbí ìka yíyá lọ́wọ́ yín. Ìjókòó nìkan ni ó béèrè. Ẹ lọ gba tiyín.